Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Má Ṣe Gbàgbé Ọkàn Yín

Gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe àwọn àgbà yìí ni a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa sí ẹ̀yin ìyá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí pé ó bá ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn mu gan-an. Bí ẹ bá dúró ní ojú ọ̀nà Ìtagunmodi ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń ti oko kòkó bọ̀, àti àwọn tí wọ́n ń ti ibi tí a ti ń fọ wúrà bọ̀. Ẹrù wà lórí wọn, ọmọ wà lẹ́yìn àwọn mìíràn, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò sọ pé ara gbogbo wọn le. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọkàn ẹnì kan nínú wọn ti máa ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí òun tìkára rẹ̀ má sì mọ̀.

Ìyá ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ara ọmọ gbóná. Òun ni ó máa ń kíyè sí i pé baálé kò jẹun tán lánàá. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá kì í yẹ̀ wò nínú ilé ni òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò ní iṣẹ́ ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, yóò ní òun pẹ́ lórí ìdúró lọ́jà ni. Bí kò bá lè mí dáadáa, yóò ní ọjọ́ orí ni ó ń dé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ: a kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ọkàn obìnrin wà ní àlàáfíà, wíwọ̀n ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ Ìtagunmodi pàápàá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń yẹ ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wa wò láti mọ ibi tí kòkó yóò ti ṣe dáadáa, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú yìí pe ọ̀kan nínú àwọn irú ilẹ̀ tí wọ́n rí. Wọn kò wo ewé tí ó tutù lókè kí wọ́n tó sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a ṣe sí ara wa.

ÀRÙN ỌKÀN KÌ Í ṢE TI ỌKÙNRIN NÌKAN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ọkùnrin olówó tí wọ́n ń gbé ìlú ńlá ni àrùn ọkàn ń bá jà. Èrò yìí kò tọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, ó tó mílíọ̀nù 17.9 ènìyàn tí àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa káàkiri ayé. Àrùn yìí náà ni ó ń pa obìnrin jùlọ ní àgbáyé.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, kì í dúró dìgbà tí ènìyàn bá darúgbó. Àwọn dókítà orílẹ̀-èdè 9 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, ṣe àkójọ àwọn aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ débi pé kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara bí ó ti yẹ mọ́. Ní 2012 ni wọ́n gbé àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn náà ni ó jẹ́ obìnrin. Bí a bá pín ọjọ́ orí gbogbo wọn dọ́gba, ọdún 52 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: ọdún tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé ìwé gíga, tí a ń retí àtigbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, ni ọkàn ń dá ìyá dúró. Ohun tí ó sì fa àìsàn náà jùlọ láàrin wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí a lè tètè rí, tí a sì lè kápá.

KÍ NI Ẹ̀JẸ̀ RÍRU?

Ọkàn tóbi tó ìkúùkù ẹni. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ tí ń fa omi: ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 ní ọjọ́ kan, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan lọ sí gbogbo ara. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni a ń pè ní ìfúnpá. Bí iṣan bá le tàbí bí ó bá fún, agbára yìí a máa pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọkàn a sì máa fi tipátipá ṣiṣẹ́. Èyí ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹran ara ọkàn a nípọn, lẹ́yìn náà a sì rẹ̀. Iṣan inú ọpọlọ lè bẹ́ tàbí kí ó dí, kí ó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Kíndìnrín àti ojú náà lè bàjẹ́.

Kèrékèrè ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fa orí fífọ́ tàbí ìrora kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dúró de àmì kí ó tó lọ yẹ ara rẹ̀ wò ń dúró de ìgbà tí ilé bá ti ń jó.

ṢÉ ÌRAN WA NI Ó FÀ Á?

Àwọn kan máa ń sọ pé, “Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.” Òótọ́ ni pé ẹni tí òbí rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọdọ̀ ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Láàrin ọdún 1991 sí 1995, àwọn onímọ̀ wọn ìfúnpá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúdú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, àti ní Amẹ́ríkà. Ìlú Igbó-Ọrà àti àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, èyí ni pé àwọn Yorùbá wà nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, ohun tí wọ́n rí nìyí: nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karíbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìgbé ayé wọn, pàápàá sísanra jù àti iyọ̀ tí ó ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ.

Ní ọdún 1997 kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé darí gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lórí irú àìsàn báyìí ní Nàìjíríà. Ọmọ Oǹdó ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di olóògbé ní 2020. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà tí a ń gbà gbé ayé ní ilé ti ń súnmọ́ ti àwọn ará òkè òkun. Lónìí, àwọn ìwádìí tí a kó jọ fi hàn pé nínú àgbàlagbà 10 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 3 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí ìgbé ayé mú wá, ìgbé ayé lè mú un dín kù.

ÀWỌN ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ OBÌNRIN ṢỌ́RA JÙLỌ

(a) Ìgbà èwe. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun ọmọbìnrin yín pẹ̀lú ibà, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ kí ó “lọ fúnra rẹ̀.” Irú àìsàn ọ̀nà ọ̀fun kan wà tí ó jẹ́ pé bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, oríkèé ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ, kí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà mìíràn, ìgbà tí ọmọ náà bá dàgbà tí ó sì lóyún ni àṣírí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

(b) Ìgbà oyún. Ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ru lẹ́yìn tí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 20, kí àmì rẹ̀ sì hàn nínú ìtọ̀. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń wọn ìfúnpá, tí wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wò ní gbogbo ìgbà tí aboyún bá wá. Bí orí bá ń fọ́ aboyún gidigidi, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, bí òkè ikùn bá ń dùn ún, tàbí bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí gìrì má baà mú un. Ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Obìnrin tí irú èyí bá ṣe nínú oyún ní ewu àrùn ọkàn tí ó tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn ní ọjọ́ iwájú. Kí ó máa wọn ìfúnpá rẹ̀ ní gbogbo ọdún, kí ó sì máa sọ ìtàn oyún náà fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí ó bá ń tọ́jú rẹ̀.

(d) Ìgbà ọmọ títọ́. Àìsàn kan wà tí ń sọ ọkàn ìyá di aláìlágbára láti oṣù tí ó kẹ́yìn oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Àríwá Nàìjíríà wà lára ibi tí ó ti wọ́pọ̀ jùlọ ní ayé. Àwọn dókítà tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Zaria kíyè sí i láti nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn pé àwọn abiyamọ tí ó ń mú ń wẹ omi gbígbóná gan-an, wọ́n ń sùn lórí ibùsùn tí a dá iná sí lábẹ́, wọ́n sì ń mu ẹ̀kọ tí káún pọ̀ nínú rẹ̀ fún 40 ọjọ́. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí gbogbo ohun tí ó ń fa àìsàn náà, ó sì ń mú obìnrin tí kò ṣe irú àṣà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó dájú ni pé abiyamọ tí kò lè sùn gbalaja láìsí ìrọ̀rí púpọ̀, tí ó ń wú ikọ́ lóru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú sí i, kì í ṣe ẹni tí “ara ìbímọ” ṣì ń bá fà á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

(e) Ìgbà tí nǹkan oṣù bá dúró. Lẹ́yìn ìgbà yìí, àwọn èròjà inú ara tí ń ran iṣan ẹ̀jẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ a dín kù, ewu àrùn ọkàn a sì máa pọ̀ sí i. Ìyá tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọdún 40 lè ní i ní ọdún 55.

ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI OJÚ FÒ

Bí ọkàn bá fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, àyà a máa dun ènìyàn tàbí kí ó dà bí ẹni pé ohun wúwo kan jókòó lé e. Ṣùgbọ́n ní ti obìnrin, àwọn àmì mìíràn sábà máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀: àárẹ̀ tí kò ní ìdí, mímí gúlegúle, èébì tí ń gbé ni, òógùn tútù, àti ìrora ní àgbọ̀n, ní ẹ̀yìn tàbí ní òkè ikùn. Nítorí èyí ni a ṣe máa ń pè é ní inú rírun tàbí ibà.

Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọwọ́ kan bá rọ, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ìyá yín lẹ́nu, àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ má ṣe jókòó máa wádìí ẹni tí ó ta á lọ́fà. Wákàtí tí a bá fi ń ṣe ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni wákàtí tí ọpọlọ fi ń kú lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

BÍ A ṢE Ń WỌ̀N ÌFÚNPÁ

Wíwọn ìfúnpá kì í dunni, kì í sì í pẹ́. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe jẹ obì tàbí kí ẹ fín aṣáà fún ìdajì wákàtí. Ẹ lọ tọ̀, kí ẹ sì fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti oko dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ na ọwọ́ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Iye méjì ni nọ́ọ̀sì yóò sọ fún yín. Èyí tí ó ga ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀. Èyí tí ó kéré ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ń sinmi. Bí iye àkọ́kọ́ bá tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìkejì bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ó bá tó 180 lórí 120, tí àyà ń dùn yín tàbí tí ẹ kò lè mí dáadáa, ẹ má ṣe padà sílé. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ iye náà sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà pẹ̀lú káàdì àjẹsára àwọn ọmọ.

Ilé ìlera alábọ́dé tí ó súnmọ́ yín lè wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó bá le ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tàbí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

OÒGÙN KÌ Í ṢE TI Ọ̀SẸ̀ KAN

Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ibà tí a ń lo oògùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí iye náà bá wálẹ̀, oògùn ni ó mú un wálẹ̀. Bí a bá dá a dúró, yóò tún gòkè. Ẹ má ṣe lo oògùn aládùúgbò, nítorí pé ohun tí ó bá ara rẹ̀ mu lè pa yín lára. Ẹ má ṣe fi àgbo rọ́pò ohun tí dókítà kọ fún yín. Àwọn oògùn ara ríro kan tí a ń rà ní kẹ́mísì lẹ́yìn iṣẹ́ oko lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, ẹ máa bèèrè kí ẹ tó lò wọ́n. Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń gbèrò rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan kò dára fún ọmọ inú. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó lè yan ọ̀nà tí ó bá yín mu.

ÌDÁNÁ NI IṢẸ́ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Iyọ̀ tí ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ ní ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí í ṣe ṣíbí tíì kan tí a rẹ́ lórí. Èyí tí ó wà nínú magí, nínú búrẹ́dì àti nínú ẹja oníyọ̀ wà nínú ìṣirò náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ báyìí: ilé tí ó ní àgbàlagbà 6 kò yẹ kí ó lo ju gíráàmù 900 lọ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí àpò iyọ̀ kílò kan bá ń tán ní ilé bẹ́ẹ̀ kí oṣù tó parí, iyọ̀ ti pọ̀ jù, kí a tilẹ̀ tó ka magí mọ́ ọn. Káún tí a ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà náà ní irú èròjà tí ó wà nínú iyọ̀. Ẹ dín in kù.

A kò sọ pé kí ọbẹ̀ di omi lásán. Ìrù tí a kò fi iyọ̀ sí, ata, àlùbọ́sà àti efinrin lè mú ọbẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán, kí òkèlè sì kéré. Ẹ dín epo àti ọ̀rá ẹran kù. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹja àti èso oko wa. Sísanra jù kì í ṣe ẹ̀rí ìgbádùn. Ẹni tí ó ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó ti ọjà yẹ kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán ní ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀. Èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná ń ba ọkàn jẹ́ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dáná igi nínú yàrá tí kò ní ojú fèrèsé.

SÍ Ẹ̀YIN BAÁLÉ ÀTI Ẹ̀YIN ỌMỌ

Ọ̀pọ̀ ìyá mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ yẹ ara òun wò, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí, tàbí kí ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà, tàbí kí ẹ̀rù ohun tí wọn yóò sọ fún un máa bà á. Ẹ̀yin baálé, ẹ má ṣe pe àárẹ̀ aya yín ní ìmẹ́lẹ́. Ẹ ya owó ọkọ̀ àti ti oògùn sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ bá ta kòkó, bí ẹ ti ń ya ti oògùn kòkó sọ́tọ̀. Ẹ bá a lọ, kí ẹ sì na ọwọ́ tiyín náà fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, nígbà tí ẹ bá bèèrè àlàáfíà ìyá yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí “Mo wà, a dúpẹ́” tó yín. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá wa, a kò ní kí ẹ fi oko sílẹ̀, a kò sì ní kí ẹ pa ọjà tì. Wákàtí kan nínú oṣù yìí ni a ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ, kí ẹ wọn ìfúnpá yín, kí ẹ sì mú aládùúgbò kan dání.